Ògún ti dé Kúbà, obìnrin ló gbé e sínú fíìmù! Ẹ̀yin ọmọge Adó-Èkìtì, ṣé ẹ ń gbọ́?

Ẹni tó bá dé Ìrè-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, tó sì béèrè ohun tí Ògún wá ṣe níbẹ̀, kò ní í pẹ́ kó tó rí àgbàlagbà tó máa fà á jókòó. Wọ́n á ní ojú ogun ni baba ti ń bọ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ló bá yà síbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe ìpàdé kan tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kí i. Agbè ẹmu tó gbé, òfìfo ni. Inú bí i, ó fa idà yọ, ó sì ṣe wọ́n bí ọṣẹ́ ṣe ń ṣojú. Nígbà tí ojú ẹ̀ máa wálẹ̀, àwọn èèyàn ara ẹ̀ ló ti bẹ́ lórí. Àbámọ̀ dé, ó bá wọlẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láti ayébáyé nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1991. Ní ìlú Havana lórílẹ̀-èdè Kúbà, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Gloria Rolando ṣe fíìmù kan tí kò tó wákàtí kan, orúkọ Ògún ló fi sọ ọ́. Bó bá di ká túmọ̀ àkọlé ẹ̀ sí Yorùbá, "Ògún, ẹni tí kì í kọjá lọ" ló máa jẹ́. Ta ló wà nínú ẹ̀? Lázaro Ros ni, ọ̀gá àwọn tó ń lé orin òrìṣà ní Kúbà, ẹni tí wọ́n bí lọ́dún 1925 tó sì kú lọ́dún 2005. Bàbá náà jókòó, ó ń sọ bí òun ṣe kọ́ orin, ó ń kọrin, wọ́n ń lùlù sí i, wọ́n ń jó. Èdè tó fi ń kọ ọ́, Yorùbá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Lukumí ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, tí ohùn ẹ̀ sì ti yí díẹ̀ nítorí omi òkun tó là kọjá.

Ibi tó dùn jù ni ìtàn tí obìnrin yìí wé mọ́ ọn. Ní Kúbà, wọn ò sọ ti agbè òfìfo. Wọ́n ní ọkàn Ògún fà sí ìyá tó bí i lọ́mọ, ó mọ̀ pé èèwọ̀ ni, ó sì fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ inú igbó lọ láti fìyà jẹ ara ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mú un jáde. Ọ̀ṣun nìkan ló dé ibẹ̀, tó kán oyin sí i létè, tí ọkùnrin náà sì rọ̀. Ẹmu ló dá wàhálà sílẹ̀ ní Ìrè, oyin ló parí ẹ̀ ní Havana. Kí àwọn àgbà Ìrè má bínú o! Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kò gbé ìwé lọ́wọ́, ohun tó wà lórí ahọ́n wọn náà ni wọ́n fi rọ òmíràn.

Gloria Rolando yìí kì í ṣe ọmọ ẹni ńlá. Láti ọdún 1976 ló ti ń bá iléeṣẹ́ fíìmù ìjọba wọn, tí wọ́n ń pè ní ICAIC, ṣiṣẹ́, àwọn ẹlòmíì ló sì ń ràn lọ́wọ́ nídìí fíìmù wọn. Ọdún tí fíìmù Ògún jáde gan-an ni ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì túká, tí ọrọ̀ ajé Kúbà sì dojú dé. Epo mọ́tò wọ́n, iná ń lọ, oúnjẹ ò tó. Ta ló máa fún obìnrin dúdú lówó fíìmù nírú àkókò bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Imágenes del Caribe, wọ́n ń tọrọ níbí, wọ́n ń yá lọ́hùn-ún. Lọ́dún 1996, ó ṣe ti àwọn ọmọ erékùṣù tó wá ṣiṣẹ́ ìrèké ní Kúbà. Lọ́dún 1997, ó ṣe èyí tó fi Ọya wé Assata Shakur, obìnrin Amẹ́ríkà tó sá kúrò lẹ́wọ̀n lọ́dún 1979, tó sì forí pamọ́ sí Kúbà títí tó fi kú ní 2025. Kò sí èyí tó gùn nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí wọ́n fi owó ńlá ṣe.

Àmọ́ òun kọ́ ló kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà. Sara Gómez ló ṣí i. Gbogbo àwọn obìnrin tí aráyé ń pè ní Latina lónìí, ìyẹn àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ Sípáníìṣì àti Potogí lápá Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n bá ń ka àwọn aṣáájú wọn nídìí kámẹ́rà, orúkọ obìnrin yìí kì í jìnnà. Ọmọ Guanabacoa ni, àdúgbò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Havana tí òrìṣà pọ̀ sí bí ilé. Dùùrù ló kọ́ kó tó ya sídìí sinimá lọ́dún 1961. Nígbà tí ìyá ńlá onífíìmù ilẹ̀ Faransé, Agnès Varda, wá sí Kúbà, ọmọ yìí bá a ṣiṣẹ́, ó tilẹ̀ jó nínú fíìmù náà. Láti 1964 ló ti ń ṣe fíìmù kékeré tirẹ̀, ọ̀kan lórí ìdílé ara ẹ̀, ọ̀kan lórí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó lọ sí erékùṣù kan láti lọ kọ́ ìwà tuntun, òmíràn lórí iṣẹ́ obìnrin nílé àti níta. Fíìmù gígùn kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀. Kò parí ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 1974, ikọ́ fée pa á, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ ọkùnrin méjì ló bá a to ìyókù, ọdún 1977 ni àwọn èèyàn tó rí i wò.

Ẹni tó bá mọ ìtàn fíìmù Nàìjíríà, ara ẹ̀ á bù máṣọ níbí. Amaka Igwe tó ṣe Checkmate, tó ṣe Rattlesnake lọ́dún 1995, tó ṣe Violated lọ́dún tó tẹ̀ lé e, obìnrin tó kàwé ní Ifẹ̀ tó sì kọ́ àìmọye ọ̀dọ́ níṣẹ́, ikọ́ fée kan náà ló mú òun náà lọ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 2014, nílùú Enugu. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Lọ́dún 2016, Tope Oshin gbé kámẹ́rà, ó lọ bá àwọn obìnrin tó ń darí fíìmù ní Nàìjíríà lẹ́yìn ẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn ń rí, ó sì pe fíìmù náà ní Amaka's Kin. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ ò yàtọ̀ síra: àwọn ọmọ iṣẹ́ ọkùnrin kì í fẹ́ gba àṣẹ lẹ́nu wọn.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ré kọjá sí Bùràsílì, torí gbẹgẹdẹ gbiná níbẹ̀. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Adélia Sampaio. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni ìyá ẹ̀ ń ṣe. Òun fúnra ẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó ń gbé tẹlifóònù ló kọ́kọ́ ṣe níléeṣẹ́ kan tó ń pín fíìmù. Ẹ fojú inú wò ó: gbogbo àwọn olówó fíìmù ń pè, òun ló ń sọ pé "ẹ dúró lórí ìlà," etí ẹ̀ sì ń gba gbogbo àṣírí iṣẹ́. Lọ́dún 1979, òun náà ṣe fíìmù kékeré tirẹ̀. Lọ́dún 1984, ó gbé èyí tó gùn jáde, Amor Maldito, lórí obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn àti ẹjọ́ tó tẹ̀yìn ẹ̀ jáde. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni lówó fíìmù kọ̀ jálẹ̀. Àwọn onílé sinimá ní àfi kí ó polówó ẹ̀ bíi fíìmù ìhòòhò ni àwọn tó lè gbé e. Ó gbà, kí iṣẹ́ má bàa ṣòfò. Bó ṣe di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó darí fíìmù gígùn ní Bùràsílì nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì kọjá tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Viviane Ferreira, ọmọ Salvador ní Bahia, ìlú tí wọ́n ti ń jẹ àkàrà, tí wọ́n ń bọ Yemọja bíi pé Àbẹ́òkúta ni wọ́n wà. Ó ṣe fíìmù kékeré kan lọ́dún 2014. Ìtàn náà rọrùn: ìyá arúgbó kan tó dá wà ń dúró de àwọn ẹbí ẹ̀ lọ́jọ́ ìbí ẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń bi èèyàn níbèéèrè nípa ọjà kan ilẹ̀kùn, ìyá sọ ọ́ di àlejò. Ó gbé e dé Cannes, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ fíìmù kékeré. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, lọ́dún 2020, ó sọ ọ́ di fíìmù gígùn. Ẹ ṣírò ẹ̀, láti 1984 sí 2020!

Yasmin Thayná ò tilẹ̀ dúró de ìjọba. Lọ́dún 2015, ó ṣe Kbela, fíìmù tí kò tó ìdajì wákàtí, lórí irun obìnrin dúdú: bí wọ́n ṣe ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi oògùn jó o, bí wọ́n ṣe padà gé e tí wọ́n sì jẹ́ kó hù bó ṣe wù ú. Àwọn èèyàn lásán ló dá owó ẹ̀ jọ. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní gbọ̀ngàn Odeon ní Rio, àwọn obìnrin dúdú ya wá bí omi. Everlane Moraes ní tirẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ní Kúbà, níléèwé fíìmù San Antonio de los Baños tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1986, ó sì ṣe Pattaki lọ́dún 2019, omi àti Yemọja ni gbogbo ẹ̀. Ìtàn mímọ́ òrìṣà ni wọ́n ń pè ní pàtàkì lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, wọ́n kàn fún un níṣẹ́ mìíràn ni.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ fíìmù kékeré ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Owó ni ìdáhùn àkọ́kọ́, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí kò lówó ọgbọ̀n ọjọ́ lè rí owó ọjọ́ méjì. Òṣèré méjì, yàrá kan, ọmọ ìyá ẹni tó máa se ìrẹsì fún àwọn òṣìṣẹ́, ó parí. Ìkejì ni pé fíìmù kékeré kì í gba ìsọkúsọ. Ẹ wo fíìmù àgbéléwò tiwa: mọ́tò á dé ẹnu géètì, á fun fèrè, mégáàdì á sáré wá, á ṣílẹ̀kùn, mọ́tò á wọlé, ọ̀gá á bọ́ọ́lẹ̀, á ti ilẹ̀kùn mọ́tò, á wo aago, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ, kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, "ẹ máa retí apá kejì." Ẹni tí gbogbo fíìmù ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, níbo ló ti fẹ́ rí àyè fún mégáàdì?

Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù. Fíìmù kékeré ni ìwé ẹ̀rí. Mati Diop, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà àti Faransé, ṣe ọ̀kan lọ́dún 2009 lórí àwọn ọ̀dọ́ Dakar tó ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkè òkun. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan náà ló fi ṣe fíìmù gígùn, ó sì gba ẹ̀bùn ńlá ní Cannes lọ́dún 2019. Lọ́dún 2024, ó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Berlin pẹ̀lú Dahomey, lórí àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí Faransé dá padà fún Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún 2021. Lápá Amẹ́ríkà, Patricia Cardoso, ọmọ Colombia, fíìmù ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kó tó ṣe Real Women Have Curves tó mi ìlú tìtì ní Sundance lọ́dún 2002.

Ó yá, ká padà sí Èkìtì. Èkìtì kì í ṣe àjèjì sí tíátà. Jímọ̀h Àlíù, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àwòrò, tó fi Arélù àti Yánpọnyánrin mú àwọn èèyàn jókòó sídìí tẹlifíṣàn, Adó-Èkìtì ló kú sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Ta ni kò mọ Òrìṣàbùnmi? Foláké Àrẹ̀mú lorúkọ ẹ̀, inú eré Jímọ̀h Àlíù ló ti gba orúkọ yẹn, ìyàwó ẹ̀ sì ni nígbà kan. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2021. Bí ọ̀rọ̀ obìnrin ṣe rí nínú tíátà àtijọ́ nìyẹn: ọ̀gá ló ni ẹgbẹ́, ọ̀gá ló ń kọ ìtàn, obìnrin tó bá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ọ̀gá á fẹ́ ẹ kó má bàa lọ. Hubert Ògúndé gan-an fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn tó ń bá a ṣeré. Kò sẹ́ni tó máa bú wọn, obìnrin tó bá ń jó lórí ìtàgé nígbà yẹn, aṣẹ́wó ni aráàlú ń pè é, ilé ọkọ ló ń bò ó láṣìírí. Ṣùgbọ́n iye obìnrin tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń pàṣẹ nígbà náà, ìka ọwọ́ kan á kà á tán. Lola Fani-Kayode tó ṣe Mirror in the Sun fún NTA nígbà ayé tirẹ̀, ọ̀kan pàtàkì ni.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, tí Ìdúmọ̀tà di ibi tí wọ́n ti ń pín fíìmù, obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara ẹ̀ gbé fíìmù jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ọkùnrin ni wọ́n ṣì ń gbà láti darí ẹ̀. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀. Lónìí, Funke Akindele ni fíìmù ẹ̀ kọ́kọ́ pa owó tó ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nílé sinimá Nàìjíríà, A Tribe Called Judah, tó jáde ní ìparí ọdún 2023, òun náà sì wà lára àwọn tó darí ẹ̀. Kemi Adetiba tó ṣe King of Boys lọ́dún 2018, òfin ló kà ní Yunifásítì Èkó, ó ti ṣe fíìmù kékeré kó tó di pé The Wedding Party sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká lọ́dún 2016. Jade Osiberu, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló kà.

Ẹ ò rí i? Òfin, kọ̀ǹpútà. Ẹ wá gbọ́ ti Adó. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, lójú ọ̀nà Ìwòròkó, ọmọbìnrin kan kàwé ìṣirò owó níbẹ̀, Nora Awolowo lorúkọ ẹ̀. Ó kàwé náà, ó gbà á, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kámẹ́rà ló ń jẹ láyé. Fíìmù kékeré àfòótọ́ṣe ló kọ́kọ́ fi mú ojú àwọn èèyàn. Life at the Bay dá lórí àwọn obìnrin Tarkwa Bay, létí omi l'Ékòó, àdúgbò tí àwọn ológun ojú omi wá lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò nílé wọn ní oṣù kìíní ọdún 2020. Baby Blues dá lórí ìbànújẹ́ tó máa ń bá ìyá lẹ́yìn ìbímọ, ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ń pè ní ìwà àìmoore tàbí iṣẹ́ ayé. Lọ́dún 2025, òun ló gbé Red Circle jáde, fíìmù gígùn tó wọ ilé sinimá. Ẹni tó bá ti ṣe fíìmù rí á mọ̀ pé ìṣirò owó tó kọ́ l'Ádòó ò ṣòfò.

Irú ọ̀nà tó tọ̀ yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé ní Bàsírì, ní Ajílòsùn, ní Ìjìgbò. Èkìtì tí à ń sọ yìí, ìlú ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Ọmọ á ní òun fẹ́ ka ẹ̀kọ́ tíátà, yálà níbẹ̀ l'Ádòó tàbí ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ọ́yẹ̀ẹ́ láti ọdún 2011. Ìyá á dìde dúró:

"Ṣé nítorí kó o lè máa sunkún nínú fíìmù ni mo ṣe ń jí lọ Ọjà Ọba láago márùn-ún?"

"Màámi, ẹ má bínú. Mi ò ní í ṣeré. Èmi ni màá máa darí wọn."

"Ta lo fẹ́ darí? Ìwọ tí àbúrò rẹ kì í gbọ́ tìrẹ!"

Ẹnu ìyá mú, àmọ́ ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù náà kò sì burú. Ó ti gbọ́ ohun tí àwọn ọkùnrin kan tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá máa ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọge kí wọ́n tó fún un níṣẹ́. Èkìtì ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí obìnrin, láti ọdún 2011, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2019. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wá iṣẹ́ àkọ́kọ́, ta ló máa lọ fẹjọ́ sùn fún, tí ọ̀gá náà sì mọ gbogbo ọ̀gá yòókù? Níbí gan-an ni fíìmù kékeré ti ń gba ni. Ọmọbìnrin mẹ́rin tó dá owó jọ, tí ọ̀kan di fóònù mú, tí ọ̀kan gba ohùn, tí ọ̀kan ṣeré, tí ẹ̀kẹrin darí, kò sí ọ̀gá kankan tó máa ní kí wọ́n wá bá òun ní hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí wọ́n bá dé iwájú ọ̀gá lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní nǹkan lọ́wọ́ tí wọ́n á fi hàn án. Ibi tí wọ́n ti lè gbé e lọ ò sì ṣọ̀wọ́n mọ́: àjọ̀dún AFRIFF tí Chioma Ude, obìnrin bíi tiwọn, dá sílẹ̀ lọ́dún 2010, máa ń gba fíìmù kékeré, AMVCA náà sì ní ẹ̀bùn fún un.

Ohun tó kù ni èdè. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ló ń sọ Yorùbá Ọ̀yọ́ àti ti Èkó. Tí wọ́n bá gbé ẹni tó ń sọ Èkìtì wọlé, àfi kó jẹ́ mégáàdì tàbí ìyá ìyàwó tó wá láti abúlé, kí àwọn èèyàn lè rí ẹni fi rẹ́rìn-ín. Ìtàn Ògún ní Ìrè, ohùn Èkìtì ni wọ́n fi ń sọ ọ́ nílé. Lázaro Ros kọ ọ́ ní Lukumí, Rolando sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní kí wọ́n fi Sípáníìṣì pa á rẹ́. Ọmọ tó bá fi fóònù ẹ̀ gba ohùn bàbá àgbà kan sílẹ̀ n'Ìrè, lọ́jọ́ ọdún Ògún, pẹ̀lú ajá àti ẹmu níwájú wọn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pé.